Bí A Ṣe Ń Wọn Ooru Tí Èérún Kábọ́ọ̀nù Ń Mú Jáde Lábẹ́ Lésà

Kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé èérún nánò kábọ́ọ̀nù òun, ìyẹn èérún tó kéré débi tí ojú lásán kò lè rí i, lè fi ooru pa kókó jẹjẹrẹ, kó kọ́kọ́ wọn bó ṣe ń gbóná tó nínú omi. Lésà 808 nm (gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ nìyẹn) ni kẹ́ ẹ lò: ẹ̀jẹ̀ àti omi ara kì í fi bẹ́ẹ̀ gba ìmọ́lẹ̀ yìí mọ́ra, ó sì ń ráyè wọ inú ẹran ara.

Ẹ po èérún náà mọ́ omi distilled (omi mímọ́ tí kò ní iyọ̀), kẹ́ ẹ gbé e sínú sonicator, ẹ̀rọ tó ń fi ìró tú èérún ká, fún ìṣẹ́jú 30, kí yìnyín wà nínú omi inú rẹ̀. Tí ẹ bá fi asẹ́ 0.22 µm sẹ́ ẹ, díẹ̀ nínú kábọ́ọ̀nù á há sórí asẹ́, ìwọ̀n tí ẹ kọ tẹ́lẹ̀ kì í ṣe òótọ́ mọ́. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí 5 mL rẹ̀ gbẹ, kẹ́ ẹ wọn ohun tó ṣẹ́ kù. Lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ fi omi là á sí 25, 50, 100 àti 200 µg/mL, kẹ́ ẹ sì ya omi lásán sọ́tọ̀.

1 mL ti tó nínú cuvette, ìgò kékeré tí ìmọ́lẹ̀ lè gba inú rẹ̀ kọjá. Ti gíláàsì tó, ẹ má náwó sórí quartz. Orí fóòmù ni kẹ́ ẹ gbé e lé, torí irin á máa fa ooru lọ. Ẹ bo ẹnu rẹ̀ kí omi má baà fẹ́ lọ.

Wáyà thermocouple, èyí tó ń wọn ooru, ló ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù. Orí rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú omi, àmọ́ kò gbọ́dọ̀ sí lójú ọ̀nà ìmọ́lẹ̀. Irin ni, tí lésà bá bà á, òun fúnra rẹ̀ á gbóná, ẹ ó sì máa ka ooru wáyà bíi pé ti kábọ́ọ̀nù ni. Ẹ tan lésà sórí omi lásán wò. Tí nọ́ńbà bá fò sókè láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan sí méjì, tó tún já wálẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní kété tẹ́ ẹ paná, ìmọ́lẹ̀ ń bà á nìyẹn. Ẹ gbé e sókè tàbí sẹ́gbẹ̀ẹ́, kẹ́ ẹ dán an wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Ojú kì í fi bẹ́ẹ̀ rí 808 nm, nítorí náà káàdì infrared (ó ń tàn níbi tí ìmọ́lẹ̀ yìí bá bà á) ni kẹ́ ẹ fi wá ibi tó ń gbà. Kámẹ́rà infrared kò lè rọ́pò wáyà yìí, ojú omi nìkan ló ń rí.

Ẹ wọ gọ́gù tí wọ́n dìídì ṣe fún 808 nm. Awò dúdú tí à ń wọ̀ nínú oòrùn kò lè gba ojú yín là.

Ẹ má gbára lé nọ́ńbà tó wà lára lésà. Ẹ jẹ́ kó gbóná fún ìṣẹ́jú 15, kẹ́ ẹ fi power meter wọn agbára rẹ̀ níbi tí cuvette máa dúró sí gan-an. Tí ojú ìmọ́lẹ̀ bá fẹ̀ ní 0.8 cm láti etí kan dé ìkejì, gbogbo ojú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 0.5 cm², 0.5 W á wá fún yín ní 1 W/cm².

Ẹ tàn án fún ìṣẹ́jú 10, kẹ́ ẹ máa kọ ooru sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá 30 síra. Tẹ́ ẹ bá paná, ẹ má dìde. Ẹ máa kọ ọ́ lọ títí omi á fi tutù padà, nítorí láìsí ìtutù yẹn, kò sí bí ẹ ṣe lè ṣírò iye ìmọ́lẹ̀ tó di ooru. Ẹ tàn án, kẹ́ ẹ pa á lẹ́ẹ̀marùn-ún. Tí ooru tó ga jù bá ń dínkù, ẹ wo ìsàlẹ̀ cuvette: kábọ́ọ̀nù tó ti rì síbẹ̀ á hàn ní dúdú.

Ẹ tún gbogbo rẹ̀ ṣe nínú PBS (omi oníyọ̀ tó jọ omi ara) àti serum (omi inú ẹ̀jẹ̀) lẹ́yìn tí èérún bá ti wà nínú wọn fún wákàtí 24, torí iyọ̀ máa ń mú kí èérún kóra jọ. Kẹ́ ẹ sì wọ̀n ọ́n ní 0.33 W/cm² pẹ̀lú, ìwọ̀n tí ìlànà ààbò lésà ti Amẹ́ríkà gbà láyè fún awọ ara ní 808 nm.