Ṣé ECOWAS ń mú iṣẹ́ wá? Bí ẹ ṣe lè yẹ̀ ẹ́ wò

Ọdún 1975 ni Nàìjíríà àtàwọn orílẹ̀-èdè míì ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ECOWAS, ẹgbẹ́ ọrọ̀ ajé wọn, l'Ékòó. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé ẹgbẹ́ yìí fún wa níṣẹ́, tàbí pé ó gbaṣẹ́ lọ́wọ́ wa, ẹ kọ́kọ́ bi í pé: òṣùwọ̀n wo lo lò?

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Ní ìparí 2020, NBS, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ka iye nǹkan ní Nàìjíríà, ní àwọn tí kò ríṣẹ́ jẹ́ 33.3 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, ó di 4.1. Òṣùwọ̀n ni wọ́n pààrọ̀. Ẹ wo ìyá tó ń din wàrà tà ní Ọjà Ọba n'Ílọrin, wákàtí mẹ́ta lójúmọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Wákàtí 15 nìyẹn. Tẹ́lẹ̀, ẹni tí kò bá ṣe tó wákàtí 20 lọ́sẹ̀, aláìríṣẹ́ ni wọ́n kà á sí. Lónìí, ìlànà ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ni wọ́n ń tẹ̀ lé: wákàtí kan tó mówó wọlé láàárín ọjọ́ méje ti tó. Àtẹ kan náà, epo kan náà, ìyá ti di oníṣẹ́. Àmọ́ àgbẹ̀ Òkè-Ẹ̀rọ́ tó jẹ́ pé ilé ni wọ́n ti ń jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú iṣu rẹ̀ kò sí lára oníṣẹ́ mọ́. Ó ká wa lára, torí a mọ ohun tí ebè kíkọ ń fi ẹ̀yìn ṣe.

Ẹ ka àdúgbò yín wò. Ẹni ọdún 15 sókè nìkan ni kí ẹ bi. Ṣé ó ṣiṣẹ́ owó lọ́sẹ̀ tó kọjá? Bí kò bá ṣe é, ṣé ó wáṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin? Bó bá rí i, ṣé ó lè bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì? Ẹni tó wáṣẹ́, tó sì lè bẹ̀rẹ̀, òun ni aláìríṣẹ́. Ẹni tí àìsàn dá dúró àmọ́ tíṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà, oníṣẹ́ ni.

Ká ní ẹ ka 200 èèyàn: 152 ń ṣiṣẹ́, 8 ń wá a, 40 kò ṣe, wọn kò sì wá. Ẹ fi 160 pín 8, ẹ óò rí 5 nínú ọgọ́rùn-ún. Bẹ́ ẹ bá fi 200 pín in, ẹ ti ṣì í. Àwọn tó wáṣẹ́ títí tó sú wọn wà nínú 40 yẹn, ìdí nìyẹn tá a fi fọkàn tán 152 nínú 200, ìyẹn 76 nínú ọgọ́rùn-ún, jù.

Ó wá kan ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀. Gíríìsì àti Jámánì jọ wà nínú EU, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù, owó kan náà ni wọ́n ń ná. Síbẹ̀ ní 2013, àìríṣẹ́ṣe lé ní 27 nínú ọgọ́rùn-ún ní Gíríìsì, ó sì jẹ́ nǹkan bí 5 ní Jámánì. Orúkọ nínú ìwé ẹgbẹ́ kò tó. Nàìjíríà wà nínú ECOWAS nígbà tó ti ẹnubodè orí ilẹ̀ pa lóṣù Kẹjọ 2019, oṣù Kejìlá 2020 ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí wọn. Kòrónà sì wọ àárín rẹ̀.

Nítorí náà, iṣẹ́ kan ni kẹ́ ẹ mú. Ẹ béèrè iye ahunṣọ òkè tó wà nílé iṣẹ́ tó ń tajà gba ẹnubodè ní oṣù Keje 2019, àti iye tó kù ní oṣù Kìíní 2021. Ẹ bi ilé iṣẹ́ tó ń tà n'Ílọrin níbí nìkan ní ìbéèrè kan náà. Kòrónà ba àwọn méjèèjì. Bí èkíní bá dín ju èkejì lọ, ìyàtọ̀ yẹn lẹ lè gbé sọ́rùn ẹnubodè.