Kí ẹ tó náwó sórí ìtàn 1066 lédè àtọwọ́dá

Ẹnì kan tún fi ìwé ránṣẹ́ sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá pé kí n bá òun yẹ̀ ẹ́ wò. Ìtàn bí William ará Normandy, ní ilẹ̀ Faransé, ṣe gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ́ Ọba Harold lọ́wọ́ lọ́dún 1066 ni, èdè «àtijọ́» tó fọwọ́ ara rẹ̀ hun ló sì fi kọ ọ́. Ó ti sanwó fún ẹni tó ya èèpo ẹ̀yìn ìwé, ó ti san àsansílẹ̀ fún atẹ̀wé. Èmi ló wá kàn gbẹ̀yìn. Mo ka ojú ewé kìíní, mo pa á dé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kínú mi rọ̀.

Èkíní, èdè Bíbélì King James kọ́ ni èdè 1066. 1611 nìyẹn jáde. Ẹ ṣírò rẹ̀.

Ìkejì, kò sí pòtétò nínú ìkòkò ẹnikẹ́ni níbẹ̀ nígbà náà. Amẹ́ríkà ló ti wá.

Ìkẹta ló ń bí mi nínú jù. Ẹni tó ń hun èdè àtijọ́ máa ń rò pé kóun ṣáà máa bu nǹkan sí i ni: kó fi «e» sídìí ọ̀rọ̀, kó máa wọ́n þ, lẹ́tà àtijọ́ tí wọ́n ń lò fún «th», káàkiri bí ẹni ń wọ́n iyọ̀ sọ́bẹ̀. Rárá o! Yíyọ niṣẹ́ náà. Ẹ wo ohun tí mo bá nínú ìwé ọ̀hún: «The armye came in peace to the villagee by the river.» Army, peace, village, river: mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, inú èdè Faransé ni wọ́n gbà wọ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́yìn tí àwọn ará Normandy ti gba ìlú tán. Àgbẹ̀ tó ń sunkún pé àjèjì gba ilẹ̀ òun, ẹnu àjèjì ọ̀hún ló fi ń sun ún! Ká ní ìtàn Yorùbá lẹ ń kọ, kí Ìsìláàmù tó dé, ṣé ẹ máa jẹ́ kí ìyá arúgbó sọ pé «àlàáfíà ni ní wákàtí yìí»? Èdè Lárúbáwá ni méjèèjì ti wá. Àwọn tí William bá nílé ní ọ̀rọ̀ tiwọn. Fyrd làwọn jagunjagun tí ìlú kó jọ, here ni tàwọn ọ̀tá tó ya wọ̀lú. Bí olùsọ̀tàn bá ti la ẹnu báyìí, a ti mọ ẹ̀yìn ẹni tó wà. Ìwé atúmọ̀ èdè tó ń sọ orírun ọ̀rọ̀ sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́.

Ẹ kọ òfin èdè yín sílẹ̀. Èmi náà búra nígbà kan pé lẹ́tà k ò ní sí nínú ìwé tèmi, torí c ni wọ́n sábà máa ń lò láyé ìgbà yẹn, cyning ni wọ́n ń pe ọba. Mo ń bá a bọ̀ dáadáa, àfi bí «king» ṣe yọjú lórí keje bí àlejò tí wọn ò pè. Ẹnikẹ́ni ò rí i, torí ẹnikẹ́ni ò ka ìwé náà dé orí keje.

Ẹ̀dà 200 ni mo tẹ̀. Fọ́ńtì atẹ̀wé ò ní þ, ibi tó bá yẹ kó wà, àpótí kékeré òfìfo ló wà níbẹ̀. Àbúrò mi ṣí i, ó wò ó títí, ó ní: «Ẹ̀gbọ́n, ṣé ká máa dí àlàfo yìí ni?» 163 ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ dárúkọ aṣọ Bayeux, aṣọ àtijọ́ tó ní àwòrán ogun yìí lára: abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ya àwòrán sí i lára, wọn ò hun ún mọ́ ọn.

Ẹ má sì parí ìtàn sí ogun Hastings tí Harold kú sí, ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá, bíi pé gbogbo ìlú ti sùn. Ní 1069 sí 1070, William ṣì ń sun oko àti abà ní àríwá. Hereward, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó ń bá William jà, àtàwọn èèyàn rẹ̀ ṣì wà nínú irà Ely ní 1071.

Mo kọ gbogbo èyí ránṣẹ́ sí ẹni ọ̀hún. Ó ní wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ lọ, ẹ̀dà 1000. Mo bi í bóyá ó ti yẹ fọ́ńtì wò. Kò tíì fèsì.