Ọ̀gá ní "ṣe é bíi ti ìjọ́sí", ìjọ́sí wo? Ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìtòkú níbí, l'Abẹ́òkúta, ni mo ti kọ́ṣẹ́ àdìrẹ, lẹ́yìn ẹ̀ mo ṣe kíláàkì ní Ìbarà lábẹ́ ọ̀gá kan tí kì í parí gbólóhùn, kí n tó wá ní ṣọ́ọ̀bù tèmi. Mo ti jẹ́ ẹni tí wọ́n ń pariwo mọ́, èmi náà sì ti pariwo mọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Àwọn ìbéèrè táwọn àbúrò máa ń bi mí lórí ọ̀rọ̀ yìí nìyí.

Ìbéèrè: Ẹ káàsán àǹtí. Ṣọ́ọ̀bù àdìrẹ ni mo wà ní Ìtòkú. Màdámù mi á kàn na ọwọ́, wọ́n á ní "gbé nǹkan yẹn fún wọn, kó o ṣe ìyókù bíi ti ìjọ́sí". Tí mo bá ní kí ni, wọ́n á ní ṣé etí mi di ni. Tí mi ò bá sì bèèrè, iṣẹ́ á bàjẹ́, èébú á tẹ̀lé e. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Pẹ̀lẹ́ àbúrò mi. Jẹ́ ká kọ́kọ́ tú gbólóhùn yẹn wò ná. "Nǹkan yẹn", èwo nínú ẹ̀? "Wọn", ṣé ìyá àgbà kan tó wá rajà ni àbí èèyàn mẹ́ta tó dúró lẹ́nu ọ̀nà? Bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ nìyẹn, ẹnì kan ṣoṣo là ń pè ní wọ́n, ọmọ iṣẹ́ á wá pín ẹrù ẹnì kan fún gbogbo èrò tó wà ní ṣọ́ọ̀bù. "Ìjọ́sí" ló wá burú jù, ìjọ́sí lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó lè jẹ́ Iléyá èṣí. Màdámù ẹ ò ṣe é ṣìkà o, nǹkan náà hàn lójú tiwọn kedere, wọ́n rò pé ìwọ náà ń rí i ni.

Wọ́n á ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fọ́mọlúàbí, tó bá dénú ẹ̀ a di odindi. Mi ò bá òwe yẹn jà, àmọ́ àárín àwọn tó ti jọ rí nǹkan kan náà ló ti ń ṣiṣẹ́. Ọmọ tó dé ṣọ́ọ̀bù lóṣù tó kọjá, inú wo ni ọ̀rọ̀ fẹ́ dé tó fẹ́ di odindi?

Èmi, aṣọ ló kọ́ mi lọ́gbọ́n. Màdámù tó kọ́ mi níṣẹ́ gbé yáàdì márùn-ún fún mi, wọ́n ní "rẹ ẹ́ kó dúdú dáadáa", wọ́n bá wọkọ̀, ó di Láfẹ́nwá. Mo rẹ ẹ́ sínú aró, mo gbé e sókè kí atẹ́gùn fẹ́ sí i (ẹni tó bá mọ aró mọ̀ pé àwọ̀ ewé ni aṣọ máa ń mú jáde nínú ìkòkò, atẹ́gùn ló ń sọ ọ́ di búlúù), mo tún rẹ ẹ́, mo tún gbé e, mo ṣe é ṣe é títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bí èédú. Ìgbà tí wọ́n dé, ọwọ́ lórí! Búlúù bíi ti yúnífọ́ọ̀mù ọmọ iléèwé ni kọ́sítómà ń fẹ́. "Dúdú" tí wọ́n sọ, ohun tó wà lọ́kàn wọn ni pé kí aró mú un déédéé, kó má ṣe funfun níbi tí kò yẹ. Ẹ sì wò ó, Yorùbá kúkú máa ń pe búlúù tó ki ní dúdú, kò sẹ́ni tó purọ́ nínú àwa méjèèjì.

Ohun tó o máa ṣe rèé. Má sọ pé "kí lẹ wí", má sì sọ pé "kò yé mi", létí àgbàlagbà tínú ń bí, ṣe ló máa dà bíi pé o ò fọkàn sí wọn. Kúnlẹ̀, gba ọ̀rọ̀ náà, kó o wá fi ẹnu ara ẹ parí ààbọ̀ tó kù: "Ẹ ṣé mà. Ṣé mẹ́ta tó wà nínú láílọ́ọ̀nù yìí ni kí n gbé fún ìyá tó jókòó yìí, kí n wá rẹ méjì tó kù lẹ́ẹ̀mẹta bíi ti ìyá Ṣàgámù?" Tó o bá gbà á, wọ́n á ní ẹn-ẹ́n. Tó o bá ṣì í, wọ́n á ní "rárá o, ẹ̀ẹ̀kan péré", ohun tó ò ń wá náà nìyẹn. Ó máa ń yá ọ̀gá lára láti tún tìẹ ṣe ju kó tún tiẹ̀ sọ lọ, mo sọ ọ́ torí pé èmi náà ti dọ̀gá, bó ṣe ń ṣe mí nìyẹn.

Kó o sì máa gé díẹ̀ létí aṣọ tó bá jáde, lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé, kọ iye ìgbà tó wọ aró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Jẹ́ kó gbẹ ná o, aṣọ tútù máa ń ki ju bó ṣe máa rí tó bá gbẹ. Ọjọ́ tí wọ́n bá tún ní ìjọ́sí, o kàn gbé ìwé síwájú wọn, "èwo nínú ẹ̀ mà?"

Ìbéèrè: Voice note ìṣẹ́jú márùn-ún ni ọ̀gá mi máa ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Wọ́n á ní ká ṣe lẹ́tà kan, wọ́n á kí ẹnì kan láàárín ẹ̀, ariwo ọkọ̀ Pánsẹ́kẹ́ á bò wọ́n mọ́lẹ̀, níparí wọ́n á ní "àbí ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ ná, ẹ ṣe ti àwọn ará Òkè-Mọsàn yẹn". Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti gbọ́ ọ.

Ìdáhùn: Ẹ má gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀karùn-ún. Ẹ kọ ọ́ padà sí wọn, kó má ju ìlà mẹ́ta lọ: "Ẹ káàárọ̀ sà. Mo ti fi lẹ́tà àkọ́kọ́ sílẹ̀ ná. Ti Òkè-Mọsàn ni mo ń ṣe báyìí, mo máa gbé e lọ láago méjìlá. Tó bá jẹ́ òmíì ni, ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ fún mi kó tó di aago mẹ́wàá." Ìlà tó gbẹ̀yìn yẹn ni kókó. Tí wọ́n bá dákẹ́, ẹ máa ṣiṣẹ́ lọ, ọ̀rọ̀ yín sì wà nílẹ̀ tí wọ́n bá sọ lọ́la pé àwọn ò sọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ tó bá kan owó, àbí ohun tá ò lè dá padà, ìdákẹ́jẹ́ kì í ṣe "bẹ́ẹ̀ ni" o, ẹ pè wọ́n kẹ́ ẹ gbọ́ ohùn wọn, pàápàá tí nọ́ńbà àkáǹtì tuntun bá yọjú, gbájú-ẹ̀ pọ̀ níta.

Ìbéèrè: Mọ́ńdè ni ọ̀gá sọ pé kí iṣẹ́ jáde lọ́jọ́ kẹjọ. Mo ka ọjọ́ mẹ́jọ pé, mo gbé e dé ní Túsìdè, wọ́n ní mo ti pẹ́!

Ìdáhùn: Wọ́n jàre ẹ. Àtòní ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà, Mọ́ńdè sí Mọ́ńdè lọjọ́ kẹjọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún ṣe jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì géérégé. Máa fi orúkọ ọjọ́ dá wọn lóhùn, "Mọ́ńdè tó ń bọ̀ yìí nìyẹn, àbí sà?"

Ìbéèrè: Ọ̀gá ọkùnrin ní ká ta àwìn, ìyàwó wọn ní ká má ta àwìn fún ẹnikẹ́ni. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀?

Ìdáhùn: Pe ọ̀kan lójú èkejì, "Ọ̀gá, màdámù ló wà níbí sà, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀", gbé fóònù fún wọn, kó o lọ gbálẹ̀.

Ìbéèrè: Wọ́n yọ owó aṣọ tó bàjẹ́ nínú owó oṣù mi, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ wọn ni kò yé mi. Ṣé wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ sí i?

Ìdáhùn: Tó bá jẹ́ owó oṣù lò ń gbà, tó o ń ṣiṣẹ́ ọwọ́ àbí iṣẹ́ kíláàkì, Labour Act ilẹ̀ wa ti sọ ọ́ ní section 5. Ọ̀gá ò kàn lè yọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé o mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́ àbí àìbìkítà ẹ ló fà á, ìyẹn náà, lébà ófísà (òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́) gbọ́dọ̀ ti kọ̀wé fọwọ́ sí i kí wọ́n tó yọ kọ́bọ̀, iye tí wọ́n á yọ sì gbọ́dọ̀ mọ níwọ̀n. Section 7 tún ní kí wọ́n fún ọ níwèé tó sọ irú iṣẹ́ tó o wá ṣe àti owó ẹ, kó tó pé oṣù mẹ́ta tó o bẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ ń rẹ́rìn-ín, mélòó nínú wa ló ti rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ gbà rí? Mi ò ní kó o ki òfin mọ́ abíyá wọ ṣọ́ọ̀bù lọ́la o, fi sùúrù bá wọn sọ ọ́, kó o fi mẹ́sééjì tó o kọ hàn wọ́n.

Èmi ò mọ gbogbo èyí nígbà yẹn, ọmọ kọ́ṣẹ́ ni mí, mo san owó yáàdì márùn-ún yẹn díẹ̀díẹ̀ títí ó fi tán. Aṣọ náà wá di tèmi, mo fi rán ìró àti bùbá. Àwọn èèyàn ṣì máa ń bi mí ibi tí mo ti rí aró tó dúdú tó yẹn.