Ẹ má fi Minions bẹ̀rẹ̀ o, bó ṣe yẹ kẹ́ ẹ wò wọ́n tẹ̀lé ara wọn nìyí

Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀ọ́, táwọn ọmọ bá ní Minions, fíìmù kátúùnù àwọn ẹ̀dá kéékèèké aláwọ̀ ìyeyè yẹn, làwọn fẹ́ wò, ẹ má kàn lọ tàn án fún wọn. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé torí ìtàn rẹ̀ ló ṣáájú, ọdún 1968 ló ṣẹlẹ̀, òun náà ló yẹ ká kọ́kọ́ wò. Rárá o. Despicable Me ti 2010, níbi tí Gru ti jẹ́ ọ̀gá àwọn Minions, ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà apá kejì tó jáde ní 2013, kẹ́ ẹ tó wá wo Minions ti 2015. Ṣé ẹ rí i, gbogbo ìyà tí Minions mẹ́ta, Kevin, Stuart àti Bob, jẹ nínú fíìmù yẹn, ọ̀gá burúkú tí wọ́n máa sìn ni wọ́n ń wá kiri, ìparí pátápátá wá ni ọmọkùnrin kékeré kan yọ, ó sọ Scarlet Overkill, obìnrin ọ̀daràn tí wọ́n ti sìn, di yìnyín, ó gbé adé lọ. Gru ni ọmọkùnrin náà. Ọmọ tó ti mọ Gru á fò sókè níbẹ̀ yẹn, èyí tí ò mọ̀ ọ́n á kàn máa wò ni.

Tẹ́ ẹ bá ti jókòó, ẹ má túmọ̀ ọ̀rọ̀ àwọn Minions fún ẹnikẹ́ni. Pierre Coffin, ọ̀kan nínú àwọn tó darí fíìmù náà, òun gan-an ló ń fi ohùn ẹ̀ sọ ọ́, ó kó Faransé, Sípáníìṣì, Ítálì, Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ mọ́ èdè Indonesia, torí ará Indonesia ni ìyá ẹ̀. "Terima kasih" tẹ́ ẹ máa gbọ́ yẹn, "ẹ ṣé" ló túmọ̀ sí. Ìyá mi ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá, ṣùgbọ́n nígbà tí Bob fa idà yọ nínú òkúta tí wọ́n sì fi í jọba ìlú ọba, màmá di ikùn mú, wọ́n ní, "Ẹ gbà mí, ṣé n̄kan kékeré yìí ni wọ́n wá fi jọba?" Èmi gbà pé ohun tó mówó wọlé fún wọn nìyẹn. Mílíọ̀nù 74 dọ́là ni wọ́n fi ṣe é, ó sì pa ju bíliọ́nù kan lọ káàkiri ayé, òun ni kátúùnù àkọ́kọ́ tí kì í ṣe ti Disney tó débẹ̀.

Ẹ fi ojú Bob han àwọn ọmọ, ọ̀kan aláwọ̀ ewé, ìkejì bíráhùn. Tọ́mọ yín ò bá tíì tó ọdún márùn-ún, ẹ jókòó tì í nígbà tí wọ́n bá ju àwọn Minions sí àjàalẹ̀, irinṣẹ́ ìfìyàjẹni ló kún ibẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rín ni wọ́n fi ṣe.

Minions: The Rise of Gru ti 2022 ló kàn, Gru ò tíì pé ọmọ ọdún 12 nínú ẹ̀. Ìgbà tó jáde, ńṣe làwọn ọ̀dọ́ ń wọ kóòtù àti táì lọ sí sinimá láti wò ó, ó sì pa ju mílíọ̀nù 900 dọ́là lọ. Táwọn tiyín náà bá ní àwọn fẹ́ múra, ẹ jẹ́ kí wọ́n múra. Kẹ́ ẹ sì ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ sílẹ̀, torí òun làwọn Minions fẹ́ràn, àwọn ọmọ náà máa bèèrè.