Tẹ́ ẹ bá rí "voy a" nínú Sípáníìṣì, ẹ má tètè kọ "going to"

Ẹni tó bá ti kọ́ Sípáníìṣì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan á ti mọ̀ pé voy, vas, va, vamos, vais, van ("lọ" ni gbogbo wọn, ẹni tó ń lọ ló ń yí wọn padà), tẹ́ ẹ bá ti fi "a" tẹ̀ lé e, kẹ́ ẹ wá gbé ọ̀rọ̀ ìṣe sẹ́yìn rẹ̀ bó ṣe wà nínú díkíṣọ́nárì gan-an, comer, dormir, llamar, ohun tó ń bọ̀ lẹ̀ ń sọ yẹn. Voy a comer, "I'm going to eat". Èmi náà rò pé ó ti parí síbẹ̀, àfìgbà tí wọ́n gbé fídíò kan fún mi pé kí n kọ ọ̀rọ̀ tó wà nínú rẹ̀ sísàlẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ìyá kan gbé ìkòkò kalẹ̀ sórí tábìlì, àwọn ọmọ ti jókòó, ó ní "¡Vamos a comer!", èmi wá kọ "We are going to eat". Ẹni tó gbéṣẹ́ fún mi bi mí pé ṣé ìyá yẹn ń ka ìròyìn ni. Ojú tì mí o. "Ẹ jẹ́ ká jẹun" ni màmá yẹn ń sọ, "Let's eat", ó tán.

Látìgbà yẹn, ohun tí mo máa ń ṣe ni pé màá kọ́kọ́ bi ara mi pé báwo la ṣe máa sọ ọ́ nílé wa. Va a llover, òjò fẹ́ rọ̀. Ojú ọ̀run ti ṣú, gbogbo wa rí i, "It's going to rain". Ṣùgbọ́n ẹ fi "fẹ́" yẹn sílẹ̀ nílé o, ẹ má lọ kọ pé òjò "wants" nǹkan kan.

Ibi tó ti máa ń dojú rú jù ni "will" àti "going to", torí Gẹ̀ẹ́sì yà wọ́n sọ́tọ̀, Sípáníìṣì ò sì fi bẹ́ẹ̀ ka ìyẹn sí. Ká ní ẹnì kan rí yín tẹ́ ẹ ń jìjàkadì pẹ̀lú ẹrù lórí àtẹ̀gùn, ó ní "Te voy a ayudar". Ìsinsìnyí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rò ó, "jẹ́ n bá ẹ gbé e" ló ń sọ, nítorí náà "I'll help you" tàbí "Let me help you" ni kẹ́ ẹ kọ. Àmọ́ tó bá ti wà lọ́kàn rẹ̀ látàná pé òun máa wá, "I'm going to help you" ló bá a mu. Gbólóhùn kan náà ni ní Sípáníìṣì! Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń túmọ̀ ìlà kan láìka èyí tó wà ṣáájú rẹ̀.

Tí "no" bá wà níbẹ̀, "won't" ló sábà máa ń dùn létí jù: no voy a poder ir, mi ò ní lè wá, "I won't be able to make it". Tó bá jẹ́ "iba" ló wà níbẹ̀, ìyẹn "voy" tàbí "va" ti ìgbà tó ti kọjá, ẹ fura, nǹkan náà ò ṣẹlẹ̀ nìyẹn lọ́pọ̀ ìgbà. Iba a llamarte, mo fẹ́ pè ẹ́ ni o, àwáwí tí gbogbo wa mọ̀, "I was going to call you".

Àwọn kan wà tí ò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ọ̀la rárá. ¿Qué le vamos a hacer? Kí la fẹ́ ṣe sí i? Ẹ wò ó bí Yorùbá ṣe bá a mu rẹ́gí, Gẹ̀ẹ́sì ní tiẹ̀ á ní "What can you do?" No te vayas a caer, má ṣubú o, "Mind you don't fall".

Tẹ́ ẹ bá ń túmọ̀ mẹ́sẹ́ẹ̀jì WhatsApp ńkọ́? Ẹ máa rí "voy hacer", ẹ máa rí "vamos haber", ẹ má jẹ́ kó dààmú yín, voy a hacer àti vamos a ver ni wọ́n ní lọ́kàn. Wọn kì í pe "h", ohùn kan náà ni "b" àti "v" ní lẹ́nu wọn, "a" méjì tó bá sì pàdé á di ẹyọ kan, bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ ni wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́.

Tó bá jẹ́ orúkọ ibì kan ló tẹ̀ lé "a", voy a La Habana, ìrìn lásán nìyẹn, kò sí wàhálà. Ẹ kàn ṣọ́ra fún "¡Ya voy!" tí wọ́n máa ń pariwo látinú ilé tẹ́nì kan bá kan ilẹ̀kùn. "Lọ" ló wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ "I'm coming!" ni Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. Àwa ò lè ṣìnà níbẹ̀, mò ń bọ̀ làwa náà ń sọ, kódà a máa ń sọ ọ́ nígbà tá a ti ń jáde lọ tí bàtà ti wà lẹ́sẹ̀, ìyẹn lẹ má gbé wọnú Gẹ̀ẹ́sì o.