Bí mo ṣe kọ́ pròbábílítì lẹ́yìn tí tíṣà lẹ́sìn ti gbowó mi

Orí kan ṣoṣo nínú Ìṣirò, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sanwó rẹ̀. Mo ti san owó lẹ́sìn WAEC, ìyẹn ẹ̀kọ́ àfikún, fún gbogbo sáà ní Pánsẹ́kẹ, l'Abẹ́òkúta, kí tíṣà tó sọ pé pròbábílítì, ìyẹn ìṣirò ìṣeéṣe, kò sí nínú owó yẹn, pé ó ní owó tirẹ̀ lọ́tọ̀. Orí tó wà kedere nínú ohun tí WAEC ní ká kọ́! Mo san án, torí kírẹ́díìtì ni mo ń wá, ìsọ̀ àdìrẹ mi ní Ìtòkú kò sì jẹ́ kí n ráyè wá tíṣà mìíràn. Ohun tí mo rí gbà dípò owó náà ló ń bí mi nínú di òní.

Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò le. Dáìsì lúdò ní ojú mẹ́fà, ìṣeéṣe kí 4 yọ jẹ́ 1/6. Ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀ rárá, òdo ni. Ohun tó di dandan, 1 ni. Ẹni tó bá ti ta lúdò rí ti mọ ìyẹn.

Wàhálà dé nígbà tí a kan ìbéèrè ká mú nǹkan méjì láìdá àkọ́kọ́ padà. Bọ́ọ̀lù ni wọ́n lò nínú ìwé. Èmi lo àdìrẹ, torí òun ló wà níwájú mi. Àpò kan ní oríṣi àdìrẹ méjì: ẹlẹ́kọ (tí a fi ẹ̀kọ ya) 5 àti oníko (tí a fi okùn dì) 3. O dijú, o mú ọ̀kan, o tún mú èkejì. Kí ni ìṣeéṣe kó jẹ́ ẹlẹ́kọ kan, oníko kan? Tíṣà kọ ọ́ sójú pátákó: 5/8 lọ́nà 3/7, ó jẹ́ 15/56. Mo ṣí ẹ̀yìn ìwé, 15/28 ló wà níbẹ̀. Mo ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ìdáhùn wa kò bá ti ìwé mu." Ó ní, "Mọ̀mí, ẹ má da ara yín láàmú. Àwọn tó tẹ ìwé ló ṣì í." Gbogbo kíláàsì kọ 15/56 sínú nọ́ọ̀tì, wọ́n bá tiwọn lọ.

N kò gbà. Mo délé, mo ṣírò gbogbo ohun tó lè ṣẹlẹ̀. Kí méjèèjì jẹ́ ẹlẹ́kọ: 5/8 lọ́nà 4/7, 20/56. Kí méjèèjì jẹ́ oníko: 3/8 lọ́nà 2/7, 6/56. Mo rò wọ́n mọ́ 15/56 ti tíṣà, ó jẹ́ 41/56. Bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí gbogbo rẹ̀ pé 1, torí kò sí ohun kẹrin tó lè jáde nínú àpò náà. Níbo ni 15 yòókù wọlé sí? Mo ti mọ̀ pé ìwé ló tọ̀nà, àmọ́ n kò mọ ìdí rẹ̀, ìyẹn kò sì jẹ́ kí n rí oorun sùn. Mo gbé e padà tọ tíṣà lọ. Ó ní bí mo bá ń fẹ́ àlàyé, kí n wá san owó kíláàsì àdáni. Owó mìíràn!

Àbúrò bàbá mi kan ní Aké ló tú u fún mi. Babaláwo ni, kò kàwé. Mo bi wọ́n pé, "Bàbá, báwo ni Odù Ifá ṣe di 256?" Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ọ̀tún ọ̀pẹ̀lẹ̀ lè jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́rìndínlógún, òsì náà bẹ́ẹ̀. Mẹ́rìndínlógún lọ́nà mẹ́rìndínlógún ni." Mo ní ṣé Ogbè lọ́tùn-ún àti Ọ̀yẹ̀kú lósì kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú Ọ̀yẹ̀kú lọ́tùn-ún àti Ogbè lósì? Wọ́n ní, "Rárá o! Ogbè-Ọ̀yẹ̀kú lọ́tọ̀, Ọ̀yẹ̀kú-Logbè lọ́tọ̀. Ẹsẹ wọn kì í ṣe ọ̀kan."

Ojú mi là. Kí ẹlẹ́kọ ṣáájú, kí oníko tẹ̀lé e, 15/56 ni. Kí oníko ṣáájú, 3/8 lọ́nà 5/7, 15/56 mìíràn nìyẹn. Àpapọ̀ wọn 30/56, òun ni 15/28. Mo fò sókè nínú yàrá mi.

Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo kà á pé d'Alembert, ọ̀mọ̀wé ńlá ará Faransé, kọ ọ́ ní 1754 pé bí a bá ju owó ẹyọ lẹ́ẹ̀mejì, ìṣeéṣe kí orí yọ, ì báà ṣe lẹ́ẹ̀kan, jẹ́ 2/3. Àmọ́ 3/4 ló yẹ kó jẹ́. Ó ní bí orí bá ti yọ nígbà àkọ́kọ́, eré ti parí, ló bá ka ohun mẹ́ta péré, ó sì gbé wọn sí ìwọ̀n kan náà. Nítorí náà, pé tíṣà ṣì í kọ́ ló dùn mí. Ó pe ìwé ní òpùrọ́, ó tún fẹ́ gbowó lé e: èyí ló dùn mí.

Ẹ̀yin tó bá fẹ́ san owó lẹ́sìn, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá pròbábílítì wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì gbé ìbéèrè ẹlẹ́kọ kan, oníko kan yìí fún tíṣà kí ẹ tó yọ kọ́bọ̀. Bí ẹ bá ń ṣe é fúnra yín, ẹ kọ èyí tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀lé e sílẹ̀ kí ẹ tó sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ wá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Bí kò bá pé 1, ẹ ti fo nǹkan kan. Èmi ti gbìyànjú mímú mẹ́ta wò: ẹlẹ́kọ méjì, oníko kan. Oníko lè jẹ́ ẹni àkọ́kọ́, ẹni kejì tàbí ẹni kẹta, ìkọ̀ọ̀kan jẹ́ 60/336, àpapọ̀ 180/336. Ẹ gé e kúrú wò, kí ẹ rí iye tó jẹ́.