Bí ẹ bá ń ti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí Minnesota: ìjà owó nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń palẹ̀ mọ́ láti lọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Ọdún méjìlá ni mo lò ní Minnesota, ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, kí n tó padà wálé sí Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn tó ń wá bá mi máa ń béèrè nípa òtútù, iṣẹ́ àti ilé gbígbé. Kò sẹ́ni tó ń béèrè nípa ìjà owó tí àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ ń jà, bẹ́ẹ̀ àpò yín ló máa ń já sí.

Nílé níbí, ẹni tó bá gba ọ̀nà Ọ̀yọ́ wọ Ògbómọ̀ṣọ́ á bínú sí gómìnà, nígbà tó jẹ́ pé ìjọba àpapọ̀ ló ni ọ̀nà náà. Lọ́hùn-ún, ẹ gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó ni kí ni. Òfin ìpilẹ̀ Minnesota ti ya owó orí epo ọkọ̀ àti owó pátíkúlà sọ́tọ̀ fún ọ̀nà. Owó orí yẹn ti wà nínú iye tí ẹ ń rí níbi tí wọ́n ti ń ta epo, pẹ̀lú sẹ́ńtì 18.4 tí ìjọba àpapọ̀ ń gbà lórí gálọ́ọ̀nù kan.

Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ, 2007, afárá ọ̀nà márosẹ̀ I-35W wó sínú odò Mississippi ní ìlú Minneapolis, ènìyàn 13 sì kú. Ìwádìí fi hàn lẹ́yìn náà pé àwọn irin ìsopọ̀ rẹ̀ ti tinrin jù láti ìgbà tí wọ́n ti yàwòrán rẹ̀. Síbẹ̀, ìbẹ̀rù ti mú gbogbo ìlú. Ní oṣù kejì 2008, àwọn aṣòfin fi kún owó orí epo, Gómìnà Tim Pawlenty kọ̀ láti buwọ́ lù ú, wọ́n sì fi ìdá méjì nínú mẹ́ta ìbò borí rẹ̀. Láti sẹ́ńtì 20, ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dé 28.5.

Ti gbèsè tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ìpínlẹ̀ tó yáwó kọ́ ilé ìjọba, ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún aṣòfin gbọ́dọ̀ gbà: 81 nínú 134 ní ilé ìgbìmọ̀ aṣojú, 41 nínú 67 ní ilé ìgbìmọ̀ àgbà. Nítorí náà, ẹgbẹ́ tó kéré lè di gbogbo rẹ̀ mú títí wọn yóò fi fún un ní tirẹ̀.

Bí wọn kò bá fẹnu kò lórí ìṣúná títí di ọjọ́ 1 oṣù keje, ọ́fíìsì ìjọba á tì. Ó ṣẹlẹ̀ ní 2011. Ogún ọjọ́ gbáko ni àbúrò ọkọ mi tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀nà fi jókòó sílé láìgbowó. Ohun tí wọ́n fi parí ìjà náà dùn mí: wọ́n sún owó ilé ẹ̀kọ́ síwájú, wọ́n sì yáwó lórí owó tí àwọn ilé iṣẹ́ tábà ṣì máa san.

Ní ti yín, owó orí ìpínlẹ̀ yàtọ̀ sí ti ìjọba àpapọ̀. Fọ́ọ̀mù méjì ni ẹ ó kún, ó sì sábà máa ń jẹ́ kó tó di ọjọ́ 15 oṣù kẹrin. Ìpínlẹ̀ ń gba 6.875% lórí ọjà, ṣùgbọ́n kì í gbà á lórí aṣọ àti ọ̀pọ̀ oúnjẹ tí ẹ máa sè nílé.

Àdírẹ́sì yín ní aṣòfin kan ní ilé kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ̀wé sí wọn bí ọ̀nà àdúgbò yín bá bàjẹ́. Kò dìgbà tí ẹ bá di ọmọ ìlú. Ìbò nìkan ni ẹ ò gbọdọ̀ sún mọ́. Ẹni tí kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà tó bá dìbò, wọ́n lè lé e kúrò ní ìlú. Bí ẹ bá lọ gba láísẹ́ǹsì ọkọ̀, ẹ ka gbogbo ìwé dáadáa kí ẹ tó fọwọ́ sí i, kí ẹ má lọ forúkọ sílẹ̀ fún ìbò láìmọ̀.